Aṣọ́bodè Kọ̀ǹpútà Tó Tẹ̀lé Iṣẹ́ Rẹ̀ Lọ Sílùú Ńlá

Nílé ìwòsàn ìlú wọn, kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin yìí lórúkọ. Aṣọ́bodè ni gbogbo wọn ń pè é, látorí dókítà àgbà títí dórí ẹni tó ń nulẹ̀. Apoògùn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí obìnrin náà ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ó ní àwọn olè kan wà tí kì í jálẹ̀kùn, tí kì í fọ́ fèrèsé, inú wáyà ni wọ́n ń gbà wọlé. Torí kí wọ́n má baà rọ́nà wọnú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe gba òun síṣẹ́. Apoògùn mirí.

"Ṣé ẹ rí i, aṣọ́bodè ni yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń yí ọ̀rọ̀ po mọ́ mi lọ́wọ́ látàárọ̀?"

Bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to káàdì àwọn aláìsàn sí. Tábìlì kan àti àga méjì ti kún un. Lára ògiri ni kọ́bọ́ọ̀dù irin kan wà, àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ a máa hùn bí ẹni tínú ń bí. Àmọ́ Aṣọ́bodè kì í jókòó síbẹ̀ pẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Tó bá ti dé láàárọ̀, á bọ́ sí wọ́ọ̀dù kan, á jáde níbẹ̀, á bọ́ sí òmíràn, á máa yọjú wo orí tábìlì àwọn èèyàn. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

"Màámi, ẹ tún ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn."

"Orí mi ò lè gbé e dúró ni, ọmọ mi. Ṣebí ìwọ lo ní kó gùn."

"Mo ní kó gùn, mi ò ní kẹ́ ẹ fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, Aṣọ́bodè á nù ún kúrò. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òmíràn á ti wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè lè rò pé iṣẹ́ eré ni. Àmọ́ ó mọ ilé ìwòsàn yẹn bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ. Ó mọ ẹni tó máa ń sáré tẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i. Ó mọ kọ̀ǹpútà tó ti gbó jù, tí kò gbọdọ̀ fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Orúkọ igi ló sọ gbogbo wọn, kó lè tètè dá wọn mọ̀: Ìrókò wà lọ́dọ̀ apoògùn, Arère wà níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn. Nígbà kan, ó rí i pé kọ̀ǹpútà akápò ń ṣiṣẹ́ kárakára nígbà tí akápò fúnra rẹ̀ jókòó níwájú òun, tó ń jẹ búrẹ́dì. Ó sáré débẹ̀, ó fa wáyà yọ, olè kò rí nǹkan kan mú lọ. Dókítà àgbà dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ a máa yí padà.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ìyẹ̀fun igi a sì máa tẹ̀ lé e wọ pálọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, kò tíì jáde nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá Aṣọ́bodè náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Awakọ̀ ni bàbá yìí nígbà tára rẹ̀ le, kíndìnrín ló sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó sójú kan. Nílé ìwòsàn tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí Aṣọ́bodè bá ń rìn kiri láàárọ̀, á yà kí i, bàbá á sì máa fi í yangàn fún àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ yìí o."

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀rọ yìí ni mò ń ṣọ́."

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kí ni wọ́n mọ̀?"

Ayé wọn kò lọ́lá, àmọ́ ó gún. Ibi tó ti wọ́ ni ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ni ilé ìwòsàn náà, tó tún ní àwọn mìíràn káàkiri, pinnu pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n á ti máa ṣọ́ gbogbo wọn. Wọ́n rán máníjà kan wá láti olú ilé iṣẹ́. Ọkùnrin náà kéré sí Aṣọ́bodè, bàtà rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Kò séwu kankan, àǹtí. Ẹ ò ní pàdánù iṣẹ́ yín, ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe é ló máa yí padà. Ìlú ńlá nibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti ń gbéra sọ."

"Tí mi ò bá lọ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ lè má lọ. Àmọ́ iṣẹ́ yẹn ò ní sí níbí mọ́."

Wọ́n jókòó sọ ọ́ nílé. Ọkọ rẹ̀ ní iṣẹ́ tòun kò ṣeé dì sínú báàgì, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fóun mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n mọ òun, tóun bá débòmíràn, ọmọṣẹ́ lòun máa tún padà dà. Aṣọ́bodè ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kóun jókòó. Bàbá ló gbé ẹnu kúrò nínú tíì rẹ̀.

"Lọ. Níbi táwọn tó mọṣẹ́ bá pọ̀ sí lèèyàn ti ń mọṣẹ́ sí i. Nígbà tí mò ń wakọ̀, ṣé ẹ̀yìnkùlé ni mò ń wà á sí?"

Báyìí ni wọ́n ṣe fẹnu kò pé kó lọ ná, kó ríbi fìdí kalẹ̀ sí, àwọn yòókù á wá bá a tó bá yá. Àǹtí ọmọ náà, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, kó wá sílé láti máa tọ́jú ọmọ àti bàbá. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ọmọ rẹ̀ bá a gbé báàgì dé ìdí bọ́ọ̀sì, kò sunkún. Ohun tó kàn bi í ni pé, "Màmá, ta ló máa máa di irun mi?"

Yàrá tó gbà sí ìlú ńlá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tó bá ṣí fèrèsé, ògiri ilé kejì ló ń rí, ó sún mọ́ ọn débi pé ó lè nawọ́ kàn án. Òun àti àwọn ayálégbé mẹ́ta ló jọ ń lo ilé ìdáná, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń fi àgádágodo ti kọ́bọ́ọ̀dù tiẹ̀. Ọ́fíìsì ní tiẹ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn gbàràmù tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ẹni ń bínú. Kò sẹ́ni tó lága tara rẹ̀ níbẹ̀, ibi téèyàn bá bá lófìfo ló máa jókòó sí.

Iṣẹ́ wá ńkọ́? Tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kan bá ṣe ohun tí kì í ṣe, ìkìlọ̀ á yọ lójú kọ̀ǹpútà, Aṣọ́bodè á kà á, tí kò bá jọ nǹkan burúkú, á pa á dé, òmíràn á yọ. Tó bá jọ nǹkan burúkú, á tì í sókè sáwọn kan tí kò mọ̀ rí, wọn ò sì ní jíṣẹ́ ibi tó já sí fún un láé. Ilé ìwòsàn tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí ni wọ́n ní kó máa ṣọ́, torí òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣọ́ ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó bá pa ìkìlọ̀ tó pọ̀ jù dé ni wọ́n ń yìn. Ó bẹ alábòójútó wọn pé kó jẹ́ kóun lọ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń tọpasẹ̀ olè.

"Ẹ ní sùúrù ná, àǹtí. Tí àyè bá ṣí sílẹ̀."

Àyè ṣí, wọ́n fi ẹlòmíràn sí i. Ó tún ṣí, ọmọ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ò tíì gbẹ ni wọ́n mú. Ìgbà tó ṣe, kò béèrè mọ́.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó sábà máa ń jókòó tì í. Síwẹ́tà ni wọ́n ń pè é, torí òtútù ibẹ̀ kò jẹ́ kó bọ́ èyí tó wọ̀ sọ́rùn rí. Òun náà, iṣẹ́ ló gbé e wá láti ibòmíràn, wọ́n sì ti gbé e lọ síbòmíràn kó tó débẹ̀.

Aṣọ́bodè bi í pé, "Gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti lọ yẹn, ṣé iṣẹ́ yín ga sí i?"

"Mo ti mọ ẹrù dì gan-an ni," ni Síwẹ́tà fèsì, ó sì ń wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aṣọ́bodè ń lọ bu omi nígbà tójú rẹ̀ kan pátákó ńlá ara ògiri, níbi tí ìkìlọ̀ gbogbo ẹ̀ka máa ń gbà kọjá. Ó rí Arère níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ogbólógbòó tó wà níbi ìfọ̀jẹ̀, tóun fọwọ́ ara rẹ̀ já kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ́nì kan ti so padà lẹ́yìn òun, ló ń bá ará ìta sọ̀rọ̀. Ó sáré lọ bá alábòójútó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kọ̀ǹpútà yẹn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ síta. Olè ti wọ ibẹ̀."

"Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀ka yẹn?"

"Ó ti lọ jẹun."

"Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sókè, wọ́n á wò ó."

"Ẹ jẹ́ n bá wọn já a níbí. Kò ní pẹ́ rárá."

"Ẹ ò láṣẹ ibẹ̀, àǹtí. Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ lọ jókòó."

Ó kọ ọ́, ó sì jókòó, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri. Ìrókò yọ. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, orúkọ tóun fẹnu ara rẹ̀ sọ wọ́n. Àwọn tó wà lókè kò fèsì. Ni Aṣọ́bodè bá dìde, ó bọ́ sórí àtẹ̀gùn, ó sì pe akọ̀wé tó ń to káàdì nílé ìwòsàn wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ yàrá mi, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin yẹn, kẹ́ ẹ fa wáyà búlúù tó wà lókè pátápátá, tó so yín mọ́ ìta, yọ. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan."

"Yàrá yín? Wọ́n ti tì í pa látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá."

"Ẹ jálẹ̀kùn."

"Háà! Àǹtí Aṣọ́bodè, mo bẹ̀ yín. Tí wọ́n bá ní ta ló ní kí n jálẹ̀kùn, kí ni kí n wí?"

Kí ni Aṣọ́bodè fẹ́ ní kó wí? Kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ní òun á sáré wá ọ̀gá lọ. Ọ̀gá wà nípàdé. Kó tó rí i, gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ti ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú gbogbo wọn: àwọn olè ti fi kọ́kọ́rọ́ tiwọn ti gbogbo fáìlì, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí i, kó wá bá wọn dúnàá-dúrà.

Ilé ìwòsàn padà sórí ìwé àti bírò. Àwọn dókítà ò mọ oògùn tí wọ́n ti fún ta àti èyí tó kù. Níbi ìfọ̀jẹ̀, wọn ò rí àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ̀rù sì bà wọ́n láti máa fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Wọ́n ti ibẹ̀ pa, wọ́n ní kí àwọn aláìsàn máa lọ sí ìlú kejì. Ọ̀nà jìn, ó sì rí gbágungbàgun. Ọkọ Aṣọ́bodè a ti ṣọ́ọ̀bù pa, á gbé bàbá wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, bàbá á sì ti rọ bí aṣọ tútù kí wọ́n tó padà dé. Ó tún lọ, ó tún lọ. Lọ́jọ́ kan bàbá kọ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. Aṣọ́bodè pè é lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á díẹ̀ sí i. Wọ́n ní wọ́n máa tó ṣí ibẹ̀."

"Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi."

"Mo ń bọ̀, èmi ni màá gbé yín lọ fúnra mi."

"Ṣé wọ́n ti jẹ́ kó o máa bọ̀?"

Wọn ò tíì jẹ́ kó máa bọ̀. Wọ́n ń bá a ṣẹjọ́ lọ́wọ́. Ẹnì kan ti ròyìn pé ó gbé ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ síta lórí fóònù, wọ́n ní kó má lọ ibì kankan títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú rẹ̀ nínú yàrá onígíláàsì.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ò láṣẹ láti pe ẹ̀ka yẹn?"

"Ẹ gbọ́ mi sà, ká ní wọ́n fa wáyà yẹn yọ ni…"

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀. Wọn ò lé e. Nígbà tí wọ́n máa yọ̀ǹda rẹ̀, ilé tó kún fún èèyàn ló lọ bá, bàbá ti jáde láyé. Ọmọ rẹ̀ jókòó lórí ẹsẹ̀ àǹtí rẹ̀, ó wò ó, kò dìde. Nọ́ọ̀sì àgbà dì mọ́ Aṣọ́bodè, ó ń sunkún.

"Ọmọ mi, ká ní o wà níbí ni…" Ó rántí ara rẹ̀, ó gbé e mì. Àmọ́ ó ti jáde, àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ náà sì ń sọ ọ́, ẹnì kan ń gbà á lẹ́nu ẹnì kejì, tí gbogbo wọn rò pé àwọn ń tù ú nínú.

Ó lọ bá dókítà àgbà, ó ní kí wọ́n gba òun padà, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n máa san. Dókítà fọwọ́ nu ojú.

"Mi ò níbi tí mo lè fi ẹ́ sí. Wọ́n ti pa ipò yẹn rẹ́ nínú ìwé. Ọ̀dọ̀ tìẹ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣọ́ wa báyìí."

Ó dé báǹkì, ó dé iléèwé gíga, ó dé ọ́fíìsì ìjọba. Bákan náà ni gbogbo wọn ń wí: ibì kan tó jìnnà ni wọ́n ti ń ṣọ́ tiwọn náà. Kò sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó wá ṣọ́ ní gbogbo ìlú yẹn. Ọkọ rẹ̀ bá a nídìí ṣọ́ọ̀bù.

"Má lọ mọ́."

"Kí ni kí n máa ṣe níbí?"

"Máa gbé."

Ó wo ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ti sá lọ nígbà tí ọkùnrin náà ń gbé bàbá kiri, pákó tó wà nílẹ̀ kò tó fi kan àga. Owó oṣù tòun ni gbogbo wọn ń jẹ. Ó padà lọ.

Ó wáṣẹ́ síbòmíràn nílùú ńlá náà. Níbi tí wọ́n ti pè é, wọ́n bi í léèrè ohun tó ti ń ṣe látìgbà tó ti dé. Ó ní òun ń ka ìkìlọ̀. Wọ́n ní ṣé ó ti lé olè jáde nínú ẹ̀rọ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, níbi tóun wà tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti akápò fún wọn, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, ó gbọ́ létí ara rẹ̀ pé ó ti dà bí ìtàn àgbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n wá fi hàn án pé kó yẹ̀ wò, kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ pé ó wá.

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, ọmọ rẹ̀ wá bá a. Aṣọ́bodè ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré, ó ti fọ yàrá nù kínníkínní. Ọmọ náà wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó sétí àga. Tó bá fẹ́ mu omi, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè bu omi?" Tó bá jẹun tán, á ní ẹ ṣé mà, á fọ abọ́, á gbé e padà síbi tó ti rí i. Aṣọ́bodè ní kó wá jẹ́ kóun di irun rẹ̀.

"Àǹtí ti dì í kí n tó máa bọ̀, mà. Wọ́n ní kí n má tú u."

Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Ọmọ dáadáa tó lọ kí èèyàn ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni olú ilé iṣẹ́ kéde pé àwọn ń kó ibùdó ìṣọ́ náà lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, níbi tí owó òṣìṣẹ́ kò ti wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́, kó tẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹni tí kò bá fẹ́, ó dìgbà. Síwẹ́tà ní òun ń lọ sílé.

"Ilé wo nìyẹn?" ni Aṣọ́bodè bi í.

Ọkùnrin náà fa síwẹ́tà rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jáde níbí ná."

Aṣọ́bodè pe ọkọ rẹ̀, ó ní kí lòun ṣe. Nígbà kan rí, ọkùnrin yẹn ì bá ní kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ lo mọ̀," ló sọ. Kò bínú. Ó ní kó rọra.

Ó lọ. Ibẹ̀ ló wà báyìí, nínú gbọ̀ngàn mìíràn, ó ń ka ìkìlọ̀ ilé ìwòsàn tí kò lè pe orúkọ ìlú wọn dáadáa. Ó ṣì ń fowó ránṣẹ́ sílé, kò yẹ̀. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, á pe ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà débi pé ohùn kì í tètè dé. Àwọn méjèèjì á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì jọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú á máa dúró kí ẹnì kejì sọ tiẹ̀ ná.